Yíyan Sípíkà fún Ìlò Inú Ilé Láìfetí Gbọ́ Ọ

1.0 Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan sípíkà, ìròyìn kò tó kí ènìyàn fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí ń ra sípíkà ni kò ní àǹfààní yìí kí wọ́n tó sanwó. Ẹni tí ó wà ní ìlú tí kò sí ilé ìtajà tí wọ́n ti ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, àwòrán àti ìwé àpèjúwe nìkan ni yóò rí. Ẹni tí ó sì lọ sí ọjà Àlàbá ní Èkó lè gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo ọjà kò ní jẹ́ kí ó gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Owó tí ènìyàn bá ti ná sórí sípíkà tí kò dára kì í sábàá padà. Èyí tí ó tún ju ti owó lọ ni pé ẹni tí ń fetí sí ohùn apohùn àtijọ́ nínú téèpù lè ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ nítorí ẹ̀rọ tí kò jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Ohun tí bébà yìí dá lé ni àlàyé ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbára lé dípò etí, àti ibi tí agbára ohun náà pin sí.

2.0 Ǹjẹ́ Etí Nìkan Tó?

Kí a tó ka àìfetígbọ́ sí àdánù ńlá, ó yẹ kí a yẹ etí pàápàá wò. Ní ọdún 1994, Floyd Toole àti Sean Olive gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí 40 ènìyàn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe sípíkà fún sípíkà mẹ́rin ní máàkì. Ní ìgbà kan, àwọn ènìyàn náà ń wo sípíkà wọ̀nyí. Ní ìgbà kejì, wọn kò rí wọn rárá. Nígbà tí wọ́n ń wò wọ́n, àwọn ńlá olówó iyebíye gba máàkì púpọ̀, èyí kékeré sì rẹ̀yìn. Nígbà tí wọn kò rí wọn mọ́, máàkì èyí kékeré gòkè. Èyí fi hàn pé ojú máa ń bá etí dájọ́, kódà láàárín àwọn tí iṣẹ́ yìí yé.

Ohun kejì ni ariwo. Bí sípíkà méjì bá ń dún, tí ọ̀kan fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ, etí yóò máa rò pé èyí tí ó pariwo ni ó dára jù. Nítorí náà, àfetígbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ ju àìgbọ́ rárá lọ.

3.0 Ohun tí Ìwé Lè Sọ

3.1 Àwòrán ìwọ̀n: Ní ọdún 1986, Toole, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Kánádà nígbà náà, fi hàn pé sípíkà tí àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn láìrí i ni èyí tí ìlà ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́jú, tí kò ní òkè àti kòtò. Ní ọdún 2004, Olive lo irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ láti sọ tẹ́lẹ̀ irú máàkì tí àwọn olùgbọ́ yóò fún 70 sípíkà. Ìbáramu àsọtẹ́lẹ̀ náà àti máàkì gan-an jẹ́ 0.86, nígbà tí 1 dúró fún ìbáramu pátápátá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìwọ̀n yìí di òdiwọ̀n àjùmọ̀lò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013: ibi 70 yíká sípíkà ni wọn yóò ti wọn ìró rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n yíká ni pé kì í ṣe ìró tí ó jáde níwájú nìkan ni ó ń dé etí. Èyí tí ó bá ara ògiri padà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rí irú àwòrán yìí yóò wo nǹkan méjì: kí ìlà iwájú tẹ́jú, kí ìlà ẹ̀gbẹ́ sì máa rọra lọ sílẹ̀ bí ìró ti ń ga sí i. Bí ìwé bá kàn sọ pé sípíkà ń dún “láti 40 Hertz dé 20,000”, tí kò sọ iye decibel tí ó fi ń yẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò wúlò.

3.2 Agbára: Iye watt tí ó wà lẹ́yìn sípíkà kì í ṣe òdiwọ̀n ariwo rẹ̀, agbára tí ó lè gbà láìbàjẹ́ ni. Iye decibel tí ó ń mú jáde ní mítà 1 bí ó bá gba 2.83 volt ni ó yẹ ní wíwò. Sípíkà oní-84 nílò agbára ìlọ́po mẹ́rin kí ó tó lè dún bí oní-90. Ẹ̀tàn kan tún wà níbẹ̀: fún sípíkà 8 ohm, 2.83 volt jẹ́ watt 1. Fún ti 4 ohm, ó jẹ́ watt 2. Decibel 3 nínú iye tí a kọ fún oní-4 ohm ti wá láti ara ẹ̀rọ tí ń fún un lágbára.

4.0 Sípíkà àti Èdè Olóhùn

Àwọn kan lè rò pé sípíkà kékeré yóò ba ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ìró tí ó wà lábẹ́ 300 Hertz, bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin sábà máa ń wà ní àyíká 100 sí 150. Síbẹ̀, Yorùbá ń gbọ́ ara wọn yé lórí rẹ̀, nítorí pé etí ń ti ara àwọn ìró òkè mọ ìpìlẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ohun tí tẹlifóònù náà gé kúrò ni ìró tí ó ju 3,400 lọ, níbi tí ọ̀pọ̀ agbára kọ́ńsónáǹtì /s/ wà. Ìdí nìyí tí “sá” àti “fá” fi lè dàrú mọ́ra. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣe àdàkọ ewì alohùn kò nílò sípíkà ràgàjì. Èyí tí ìró òkè rẹ̀ mọ́ gaara ni ó nílò. Ìlù ńlá bíi gbẹ̀du ni sípíkà kékeré yóò fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù.

5.0 Ibi tí Ìwé Kò Dé

Lábẹ́ nǹkan bí 300 Hertz, yàrá ni ó ń pàṣẹ. Nínú yàrá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ìró tí ó wà ní àyíká 47 Hertz yóò máa rọ́ kẹ̀kẹ̀ lẹ́bàá ògiri, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá láàárín yàrá. Bí ìbú rẹ̀ bá tún jẹ́ 12, wàhálà náà di méjì. Kò sí ìwé tí ó lè sọ èyí fún olùrà. Kí ó sún sípíkà kúrò lára ògiri, kí ó sì sún àga rẹ̀ ni àtúnṣe àkọ́kọ́.

Ní ti tòkunbọ̀, fóòmù etí sípíkà máa ń jẹrà bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Àwòrán etí náà ni kí olùrà kọ́kọ́ bèèrè fún, kì í ṣe ti àpótí rẹ̀.

6.0 Ìgúnlẹ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé ìwọ̀n tí a ṣe dáadáa ṣeé gbára lé ju àfetígbọ́ ojú ọjà lọ, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò àfetígbọ́ inú yàrá ẹni. Ó tọ́ kí olùrà fi ìwọ̀n ṣa díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀, kí ó ra èyí tí olùtà gbà láti gbà padà, kí ó sì fi ohùn ẹni tí ó mọ̀ dunjú dán an wò nílé. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Etí elétí pẹ̀lú kò jọ etí ẹni.