Ìdádúró mẹ́ta tó lè pa abiyamọ

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sílé lábúlé kan nítòsí Ìsẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Irú ẹ̀jẹ̀ yìí lè pa èèyàn láàárín wákàtí méjì péré. Kí ló ń fa ìdádúró?

Lọ́dún 1994, Thaddeus àti Maine pín in sí mẹ́ta:

1. Kí ará ilé tó pinnu pé ó yá.
2. Kí wọ́n tó débẹ̀: láti ilé ìwòsàn alábọ́dé sí Jẹ́nẹ́rà, nígbà míì títí dé UCH n'Ìbàdàn.
3. Kí ọsíbítù tó dá wọn lóhùn.

Ọ̀nà tó dáa ń dín ìkejì kù. Ìjọba ló ni ìkẹta. Ìkíní wà lọ́wọ́ wa: kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, ẹ ti mọ ọsíbítù, ọkọ̀, owó, àtẹni tó máa fún ìyá lẹ́jẹ̀.