Nitrox: Afẹ́fẹ́ Àwọn Amòòkùn àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìmòòkùn òde òní, kì í ṣe omi nìkan ni ó lè pa òmùwẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tí ó gbé pọ̀n lè pa á pẹ̀lú, bí kò bá mọ ohun tí ó jẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ ṣọ́ra bí wọ́n bá ń wá orúkọ Yorùbá fún àpòpọ̀ gáàsì tí àwọn Òyìnbó ń pè ní nitrox.

Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ọ́síjìn jẹ́ ìdá 21 nínú 100. Náítírójìn ni ó kó ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ́síjìn ni ara ń lò. Náítírójìn kàn ń wọlé, ó sì ń jáde ni. Ní ojú òkun, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ lára ènìyàn jẹ́ báà 1. Mítà 10 kọ̀ọ̀kan tí amòòkùn bá sì wọ̀ lọ, báà 1 ni omi ń fi kún un. Bí ìtẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ni náítírójìn ń yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bí amòòkùn bá wá sáré gòkè, náítírójìn náà yóò hó, bí ọtí bíà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí rẹ̀. Ìhó yìí ni ó ń fa oríkèé ríro, ó sì lè sọ ènìyàn di arọ tàbí kí ó pa á.

Nitrox ń dín ewu yìí kù. Wọ́n fi ọ́síjìn kún afẹ́fẹ́ kí ìdá náítírójìn lè dín. Àwọn èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ọ́síjìn ìdá 32 tàbí ìdá 36. Ní mítà 30, níbi tí ìtẹ̀ ti jẹ́ báà 4, ìpín náítírójìn nínú afẹ́fẹ́ lásán jẹ́ báà 3.16. Nínú nitrox 32, báà 2.72 ni, bí ẹni pé amòòkùn kò wọ̀ ju mítà 24 lọ. Àkókò ni èrè rẹ̀. Ní mítà 18, tábìlì PADI fún ẹni tí ń mí afẹ́fẹ́ lásán ní ìṣẹ́jú 56 kí ó tó di dandan fún un láti dúró lọ́nà bí ó bá ń gòkè. Ó fún ẹni tí ń mí nitrox 32 ní ìṣẹ́jú 95. Ẹni tí ó bá sì mí nitrox tí kò dúró ju àkókò afẹ́fẹ́ lásán lọ, ààbò ni ó fi èrè náà rà.

Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ní ọdún 1878, Paul Bert, onímọ̀ ará Faransé, ṣàlàyé pé bí ìtẹ̀ ọ́síjìn bá pọ̀ jù, gìrì ni yóò fi ṣe ara. Ẹni tí gìrì mú lórí ilẹ̀ lè rí ẹni dì í mú. Ẹni tí ó mú nínú ibú, ẹ̀rọ ìmí yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi yóò sì wọlé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tí ń mòòkùn fún fàájì pé kí ìpín ìtẹ̀ ọ́síjìn má kọjá báà 1.4. Nitrox 36 dé ibẹ̀ ní nǹkan bí mítà 29. Nitrox 32, ní nǹkan bí mítà 34. Afẹ́fẹ́ lásán kò dé ibẹ̀ títí di nǹkan bí mítà 56. Gáàsì tí a rò pé ó sàn jù ni òpin rẹ̀ tètè dé.

Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ní ọdún 1979, NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó òkun àti ojú ọjọ́, fi nitrox sínú ìwé ìlànà ìmòòkùn rẹ̀. Ní ọdún 1985, Dick Rutkowski, tí ó ti bá àjọ náà ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tí ń mòòkùn fún fàájì. Àwọn alátakò sọ ọ́ ní "gáàsì vodun", bí ẹni pé ẹ̀sìn àwọn ará Benin, aládùúgbò wa, jẹ́ orúkọ mìíràn fún ibi. Àwọn kan lára àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ pè é ní "afẹ́fẹ́ ààbò". Orúkọ àkọ́kọ́ lé ènìyàn sá fún ohun tí ó wúlò. Èkejì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ewu.

Kí Yorùbá má ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ibú" dùn létí, ṣùgbọ́n òun ni ó burú jù, nítorí ibi tí nitrox ti ń pani gan-an ni ó ń júwe fún amòòkùn. "Nítírọ́ọ̀sì" kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan: náítírójìn àti ọ́síjìn náà ni ó wà nínú afẹ́fẹ́ lásán. "Afẹ́fẹ́ àlékún-ọ́síjìn" ni ó sọ ohun tí a ṣe sí i. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ "àlékún" yóò béèrè pé, "Èló ni ẹ fi lé e?" Ìbéèrè yìí gan-an ni amòòkùn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ìdíwọ̀n dáhùn lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọ omi.

Nítorí náà, kí a má ṣe kọ orúkọ yìí láìfi iye tẹ̀lé e: afẹ́fẹ́ àlékún-ọ́síjìn 32, òpin ibú mítà 34. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sọ òpin ibú kò tíì parí.