Bí Ẹran Bá Wọ Oko, Báwo Ni Ká Ṣe Dájọ́?

 

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti gbogbo Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ tòní kò jìnnà sí ilé wa. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, koríko á gbẹ, odò á fà. A ti kórè àgbàdo tán, ẹ̀gẹ́ nìkan ló kù tó tutù lóko. Ibẹ̀ ni màlúù ń yà sí. Àgbẹ̀ á débẹ̀ láàárọ̀, á bá iṣẹ́ ọdún kan nílẹ̀. Ìjà dé nìyẹn.

Ẹjọ́ yìí ti pẹ́ láyé. Nínú Súrà Al-Anbiyā, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ àgùntàn tó jẹ oko olóko lóru, tí ẹjọ́ rẹ̀ dé iwájú Ànábì Dáúdà àti Ànábì Sulaimọ́nù ọmọ rẹ̀. Àwọn onítúmọ̀ ṣàlàyé pé Dáúdà ní kí àgùntàn di ti olóko. Sulaimọ́nù ní kí olóko gba àgùntàn náà fúngbà díẹ̀, kó máa fún wàrà rẹ̀ mu, kó máa rẹ́ irun rẹ̀. Kí ẹlẹ́ran tún oko ṣe títí yóò fi rí bó ti wà. Lẹ́yìn náà, kí kálukú gba tirẹ̀. Olóko kò pàdánù, ẹlẹ́ran kò di aláìní. Ànábì wa náà dájọ́ pé kí olóko ṣọ́ oko rẹ̀ lọ́sàn-án. Èyí tí ẹran bá bàjẹ́ lóru, ẹlẹ́ran ni yóò san án.

Ní 2019, ìjọba Ọ̀yọ́ ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má da ẹran jẹ̀ káàkiri mọ́. Síbẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní 2021, wọ́n dáná sun ilé Sẹ̀ríkí Fúlàní ní Ìgàngán, ní Ìbàràpá tó múlé tì wá. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn agbébọn wọ ìlú yẹn lóru, wọ́n pa èèyàn. Ta ló jèrè níbẹ̀?

Nítorí náà, bí ẹran bá jẹ oko, ẹ pe baálẹ̀, Sẹ̀ríkí, àwọn àgbẹ̀ àti ìmáàmù síbi oko náà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ wo ohun tó bàjẹ́, ẹ dá iye tí ẹlẹ́ran yóò san àti ọjọ́ tí yóò san án. Ẹni tó bá pààyàn tàbí tó jí èèyàn gbé, ẹ fà á fún ọlọ́pàá, ì báà ṣe tiyín. Ẹ̀bi ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀bi gbogbo gáà.

Láti 1989 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ ètò ẹ̀kọ́ àwọn darandaran sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn gáà: ọ̀pọ̀ ni kò ní ilé ẹ̀kọ́, tí kò ní kànga. Ìyá tó ń gbé wàrà wá sọ́jà fún wa, ọmọ tiẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ sí ìwé àti omi. Bí ẹ bá sì ń pín sàká ìtúnu, ẹ rántí tálákà inú gáà àti àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ run.

Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà sáàárín wa. Àmín.