Agbọ́n àti Eṣinṣin Èso: Ta Ni Ó Gba Ta Sílé?

Bí a bá la máńgòrò tí ó jábọ́ ní oko tàbí ní ẹ̀yìnkùlé, láti Ìdó-Èkìtì títí dé Ìkọ̀lé, a sábà máa ń bá ìdin funfun nínú rẹ̀. Ọmọ eṣinṣin èso ni. Ìyá rẹ̀ ni ó gún awọ èso tí ó sì yé ẹyin síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdin yìí pẹ̀lú ní ọ̀tá. Àwọn agbọ́n kéékèèké kan wà tí wọ́n ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ọmọ agbọ́n a máa jẹ inú onílé rẹ̀ títí yóò fi kú. Agbọ́n ni yóò sì jáde níbi tí à ń retí eṣinṣin.

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni í bá tan. Ọ̀rọ̀ agbọ́n yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí èso tí onílé wà. Ohun tí ó fi ń yé ẹyin gbọ́dọ̀ gùn tó láti kan onílé náà. Ara onílé sì gbọ́dọ̀ gba ẹyin. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó le jù, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ ìdin a máa ṣù bo ẹyin àjèjì títí yóò fi kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilẹ̀ wa tipẹ́. Ní ọdún 1912, àwọn ará Hawaii rán Filippo Silvestri, onímọ̀ kòkòrò ará Ítálì, wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì ṣiṣẹ́ ní Olókemejì. Áfíríkà ni eṣinṣin Ceratitis capitata, tí ó ń ba èso wọn jẹ́, ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà, níhìn-ín ni ó ti wá agbọ́n tí ó mọ́ ọn lára lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún 2003, a rí eṣinṣin Bactrocera dorsalis, tí ó ti Éṣíà wá, ní Kenya. Kò sì pẹ́ tí ó fi tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn agbọ́n ìbílẹ̀ bíi Psyttalia cosyrae yé ẹyin sínú ìdin àlejò yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pa ẹyin náà. Ní ọdún 2006, wọ́n mú Fopius arisanus wá sí Kenya láti Hawaii. Ará Éṣíà ni òun náà, kì í sì í dúró de ìdin: inú ẹyin eṣinṣin gan-an ni ó ń yé tirẹ̀ sí, kí ẹ̀jẹ̀ tí yóò bá a jà tó gbó. Àjọ IITA tú irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Benin.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ pe agbọ́n kan ní ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ kí a tó dán an wò lára eṣinṣin tí ó ń yọ àgbẹ̀ náà lẹ́nu. Ẹni tí ó bá sì ń fín oògùn káàkiri, kí ó rántí pé ó ń pa agbọ́n pẹ̀lú eṣinṣin. Bí a bá ṣa èso tí ó jábọ́, kò yẹ kí a dáná sun ún. Ní Hawaii, abẹ́ àgọ́ aláwọ̀n ni wọ́n ń kó o sí. Ojú àwọ̀n náà gba agbọ́n láti jáde, kò gba eṣinṣin. Àgbẹ̀ wa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.