Ìdánwò lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́: báwo ni máàkì ọjọ́ kan náà ṣe ń tan ọ̀gá iléeṣẹ́ jẹ?

Ọ̀nà kan náà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà lọ ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́. Wọ́n á kó òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn láti àárọ̀, olùkọ́ á máa fi àwòrán hàn lára ògiri, wọ́n á jẹun ọ̀sán. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n túká, líǹkì á wọlé sórí fóònù oníkálùkù: ìbéèrè mẹ́wàá, ẹ mú ìdáhùn tó tọ́. Ọ̀pọ̀ á gba mẹ́jọ, àwọn mìíràn á gba mẹ́sàn-án, wọ́n á tọ́jú máàkì sínú fáìlì, ó parí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, iná á ṣẹ́ yọ lára ẹ̀rọ kan, ẹni tó gba mẹ́sàn-án á sì gbé omi dé.

Omi kò gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò parọ́ gba máàkì rẹ̀ o. Àsìkò tí wọ́n bi í ni kò dára.

Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa ìrántí ní Yunifásítì Washington ní ìlú Saint Louis, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kúkúrú kan. Àwọn kan ní àsìkò mẹ́rin láti fi kà á ní àkàtúnkà. Àwọn mìíràn kà á ní àsìkò kan péré. Ní mẹ́ta tó kù, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ló mókè: wọ́n rántí ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn yòókù rántí 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ dojú dé. Àwọn akàtúnkà já sí 40, àwọn tó ń fipá rántí ṣì wà ní 61. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó kà á jù ni ọkàn wọn balẹ̀ jù pé àwọn ò ní gbàgbé.

Ìdánwò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò yàtọ̀ sí ti ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ṣì wà létí, kò sí ohun tí ọpọlọ ń wá. Wàhálà tí ọpọlọ bá ṣe kó tó rí ọ̀rọ̀ kan fà jáde ló sì ń mú un jókòó, bí ọ̀nà oko ṣe jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó ń gba orí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí igbó bò ó. Ìbéèrè tó bá dé nígbà tí nǹkan ti ń di ìgbàgbé ló ń ṣiṣẹ́, kódà bí máàkì bá kéré.

Wọ́n ti dán ọ̀nà yìí wò lẹ́nu iṣẹ́ gan-an. Douglas Larsen, dókítà àìsàn ọpọlọ, pẹ̀lú Roediger àti ẹnì kẹta wọn, Andrew Butler, kọ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé àti ti pàjáwìrì ní ẹ̀kọ́ méjì: wárápá tó gbé èèyàn tí kò fẹ́ dá, àti àìsàn kan tó ń gba agbára iṣan ara. Wọ́n ń fi ìbéèrè tọ ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn, wọ́n ń fún wọn ní ìwé kà lórí èkejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì síra. Ó lé ní oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó dán wọn wò. Èyí tí wọ́n fi ìbéèrè tọ̀ lẹ́yìn, wọ́n gba ìdá 39. Èyí tí wọ́n kàn kà, ìdá 26. Ọdún 2009 ni ìwádìí náà jáde. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ìdá 39 kì í ṣe máàkì tí èèyàn ń fi yangàn, pàápàá lọ́wọ́ dókítà. Ìbéèrè ń dín ìgbàgbé kù ni, kì í pa á. Ẹni tó bá ní kúìsì kan ṣoṣo ti tó ń tan ara rẹ̀.

Ìbéèrè wo ni ká wá bi wọ́n? Ibí lọ̀pọ̀ ti ń sọnù. “Oríṣi ẹ̀rọ panápaná mélòó ló wà?” kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà tí èéfín bá ti gba yàrá. Ẹ gbé e ka ibi iṣẹ́:

Iná ṣẹ́ yọ lára ẹ̀rọ fọ́tòkópì tí wáyà rẹ̀ ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe?
(a) Ẹ bu omi sí i.
(b) Ẹ pa súìṣì rẹ̀ bí ọwọ́ bá lè débẹ̀ láìséwu.
(d) Ẹ gbé ẹ̀rọ panápaná tó ń tu fóòmù.

Mẹ́ta tó. Michael Rodriguez kó ìwádìí 80 ọdún jọ ní 2005, ó sì rí i pé àṣàyàn mẹ́ta ló dára jù. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún sábà máa ń jẹ́ àfikún lásán. Ṣùgbọ́n kí àwọn tí kò tọ́ jẹ́ àṣìṣe tí èèyàn ń ṣe lóòótọ́. Olùtọ́jú ilé tó ti wà níbi tí iná ti ṣẹ́ yọ rí lè mọ̀ wọ́n ju olùkọ́ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ìdáhùn tó tọ́ gùn ju àwọn yòókù, nítorí ẹni tí kò mọ nǹkan kan á kàn mú èyí tó gùn jù.

Ewu kan wà nínú àṣàyàn yìí náà. Roediger àti Elizabeth Marsh fi hàn ní 2005 pé ẹni tó bá mú ìdáhùn tí kò tọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Ohun tó ń wo èyí sàn ni àlàyé ojú ẹsẹ̀. Bí ẹnì kan bá tẹ (d), kí ó rí i níbẹ̀ pé omi ló pọ̀ nínú fóòmù, iná mànàmáná sì lè gba inú rẹ̀ gbé ẹni tó mú un dání. Google Forms ní àyè fún irú àlàyé bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Kahoot, eré ìbéèrè orí fóònù tó wá láti Norway, dùn nínú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yára ló ń fún ní máàkì jù, mi ò sì rò pé eré sísá ni ká fi kọ́ èèyàn ní ọ̀rọ̀ iná.

Bí ọ̀gá bá wá fi máàkì halẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́, kó má yà á lẹ́nu bí gbogbo ìdáhùn bá ti wà lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó da ìdáhùn kọ kò rántí ohunkóhun, gbogbo àǹfààní ibẹ̀ ti lọ. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta máa dé lóòrèkóòrè, kó má gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kó má sì wọ fáìlì ẹnikẹ́ni. Máàkì tó yẹ kí ọ̀gá máa wò ni ti ìbéèrè fúnra rẹ̀: Google Forms máa ń to àwọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kùnà jọ sápá kan. Bí ìdajì ẹ̀ka kan bá kùnà ọ̀rọ̀ súìṣì yẹn, olùkọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pè.