Alárùn Ọpọlọ Kì í Ṣe Àpatì

Ohun tí wọ́n ṣe l'Aro

Lẹ́yìn ọdún 1954, ẹbí tó bá gbé alárùn ọpọlọ wá sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn Aro ká, l'Ábẹ́òkúta, kò lè já a sílẹ̀ kó padà sílé. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn ní láti dúró tì í. Ìyá lè dúró, ẹ̀gbọ́n lè dúró, ọkọ tàbí aya lè dúró. Ẹni náà ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa bá a fọṣọ, tí yóò sì máa sìn ín lọ síbi ìtọ́jú. Inú ilé àwọn ará abúlé ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe inú wọ́ọ̀dù.

Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ló dá ètò yìí sílẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn Aro tán nígbà tó gba iṣẹ́ ibẹ̀. Dípò kó káwọ́ gbera, ó tọ àwọn baálẹ̀ abúlé ìtòsí lọ, ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn sílé. Owó ilé ń wọlé fún àwọn onílé, ilé ìwòsàn náà sì bá wọn ṣètò omi àti ìgbógun ti ẹ̀fọn. Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́, nítorí wọ́n mọ ohun tí aláìsàn gbà gbọ́ àti ohun tí ẹbí rẹ̀ ń bẹ̀rù. Kò torí ìyẹn pa oògùn òyìnbó tì. Aláìsàn á gba ìtọ́jú rẹ̀. Tó bá ti parí, á bá ará abúlé ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, ì báà jẹ́ iṣẹ́, ì báà jẹ́ eré.

Ẹ fi èyí wé ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Ní Yaba, níbi tí ìjọba amúnisìn ti ṣí ilé alárùn ọpọlọ lọ́dún 1907, àtìmọ́lé ló pọ̀ ju ìtọ́jú lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó fi máa di ọdún 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti péjọ fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀, Lambo fúnra rẹ̀ sì padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tí ayé wá wò l'Aro kò kúkú ṣàjèjì sí agbo ilé Yorùbá: kí ènìyàn dúró ti ènìyàn rẹ̀. Ó dùn mí pé àwa tí a ni ín la fẹ́rẹ̀ẹ́ ti gbà á lọ́wọ́ àwọn aláìsàn wa.

Kì í ṣe ẹni tó wọ àkísà nìkan

Tí a bá dárúkọ àrùn ọpọlọ, ẹni tó ń wọ àkísà kiri ọjà ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Díẹ̀ ni irú wọn nínú àwọn tí àrùn yìí ń bá fínra. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2019, nínú ènìyàn mẹ́jọ lágbàáyé, ẹnì kan ní ìṣòro ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Ọ̀pọ̀ wọn ń múra, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń kí wa, à ń kí wọn.

Lọ́dọ̀ tiwa, ara ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ròyìn ohun tó ń ṣe ọkàn wọn. Wọ́n á ní orí àwọn ń gbóná, pé nǹkan kan ń rìn nínú orí àwọn, pé àyà àwọn ń já, pé àwọn ò rí oorun sùn. Wọ́n á lo oògùn ibà títí, kò ní lọ. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tó máa ń mú inú ẹni náà dùn kò wù ú mọ́, tó ń sá fún ènìyàn, tí kò lè jẹun, ẹ fura. Ẹ fura sí ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó ń sọ pé àwọn kan ń ṣọ́ òun. Ní ti ìyá ọlọ́mọ tuntun tí kò sùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la kí ẹ tó gbé e dé ilé ìwòsàn, nítorí àbísínwín lè wu ẹ̀mí òun àti ọmọ léwu.

Ohun tó ń fa àrùn ọpọlọ pọ̀: ó lè wà nínú ìdílé, ìbímọ, ọ̀fọ̀, gbèsè, igbó mímu tàbí kí ènìyàn fi orí ṣèṣe lè fà á. Kò di ìgbà tí ẹ bá mọ ẹni tó ṣe é kí ẹ tó wá ìtọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó máa gbà á. Kó ṣáà má gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lẹ́nu wa

Ẹ jókòó ti ẹni tí ẹ bá fura pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ má wàásù: “Àbúrò mi, o ò yọjú sípàdé láti bí ọjọ́ mélòó kan, o sì ti rù. Kí ló ń ṣe ọ́?” Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́ kó lè rí àyè dáhùn. A máa ń sọ pé “ṣe ọkàn akin”, “tàwọn kan burú ju tìrẹ lọ”, “ọkùnrin kì í sunkún”, a sì rò pé à ń tù ú nínú. Ńṣe là ń pa á lẹ́nu mọ́.

Tó bá ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ẹ̀rù máa ń bà wá pé ìbéèrè yẹn á gbé e sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ara máa ń tù pé ẹnì kan béèrè. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó oògùn apakòkòrò àti ohunkóhun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nílé, kí ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó tilẹ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ fẹ́nikẹ́ni, ẹ wá ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́.

Mo sì bẹ àwọn àgbà wa: ẹ jẹ́ ká yé fi “ikú yá ju ẹ̀sín” bá ẹni tó jẹ gbèsè tàbí ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò wí. Létí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, àṣẹ ló ń jọ.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe ìtọ́jú

Lọ́dún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa bí wọ́n ṣe ń so àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé ìjọsìn, lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ní ibùdó ìtọ́jú ìjọba pàápàá. Ọ̀pọ̀ ẹbí tó mú ènìyàn wọn lọ síbẹ̀ kì í ṣe ìkà. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni, wọn ò sì mọ ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò lé ohùn tí aláìsàn ń gbọ́ lọ rí. Egbò àti ẹ̀rù ló ń fi kún un.

Òfin tuntun ti wà báyìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò èyí tí a ti ń lò láti ọdún 1958. Ó fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ara rẹ̀, ó sì kọ̀ kí wọ́n torí àrùn ọpọlọ fi iṣẹ́ tàbí ilé gbígbé du ènìyàn. Ohun kan ṣì ń dùn mí: abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa ní gúúsù ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń mú kí àwọn ẹbí kan máa gbé ẹni tó ń kú lọ pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ná.

Ibi tí ẹ lè lọ, àti lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín. Wọ́n lè kọ̀wé fún yín lọ sí Yaba, Aro, ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé ìwòsàn Aro ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú àrùn yìí ládùúgbò.

Oògùn àrùn ọpọlọ lè mú ọwọ́ gbọ̀n, ó lè mú ènìyàn sanra tàbí kó máa tòògbé. Dókítà ni kí ẹ sọ fún, kó lè pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kó dín in kù. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín nítorí pé ara ti yá. Bí a ṣe ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ náà ni.

Tí aláìsàn bá ti padà sílé, kí ọ̀gá rẹ̀ dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un, kódà kó jẹ́ wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ tún kọ orúkọ rẹ̀ sínú èsúsú, kí wọ́n sì máa pè é sí ìnáwó bíi tẹ́lẹ̀. Kí ẹni tó bá a lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kìíní mọ ọjọ́ tí dókítà tún fẹ́ rí i, kó sì bá a lọ.