Yíya Àwòrán Ìwọ̀ Oòrùn ní Kàdúná

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó ya fọ́tò ojú ọ̀run ní ìwọ̀ oòrùn ní Kàdúná gbọ́dọ̀ tètè múra. Kàdúná wà ní ìhà ìlà oòrùn sí Èkó. Nítorí náà, ní oṣù Kẹta, oòrùn ibẹ̀ a máa wọ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 ṣáájú ti Èkó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dúró de ọyẹ́, wọn a rò pé eruku ni yóò mú kí ojú ọ̀run pọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Bodélé ní ilẹ̀ Chad a máa pa àwọ̀ rẹ́: oòrùn a ràn fẹ́ẹ́rẹ́ bí òṣùpá, a sì pòórá kí ó tó kan ilẹ̀. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni àwọsánmà ń pọ́n bí epo.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà má ṣe ti inú kámẹ́rà tẹjú mọ́ oòrùn tí ó ń ràn gan-an, nítorí ó lè ba ojú jẹ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan kò tó. Àwọsánmà Kàdúná kò yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn. Bí ọmọ bá fẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ nílé rí ibi tí òun ń gbé, kí ó jẹ́ kí odò Kàdúná àti afárá rẹ̀ hàn nísàlẹ̀ àwòrán náà.